Omi Tí Kò Yẹ Kó Kan Ilẹ̀

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka èyí, bí ọmọ yín bá ní òun ń lọ, tí ẹ sì mọ̀ pé ọ̀nà ti jẹ ẹni méjì nínú ilé yín, kí lẹ máa fi dá a dúró?

Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ gbọ́ ti Ìyá Ṣẹ̀rífù ná.

Ní Aboabo ní Kumasi, ìyẹn ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni náà ni Alfa Jùnáídù, ará Ìlọrin bíi tirẹ̀, tó so yìgì rẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Bí Alfa bá pe orúkọ yẹn, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n pè é níwájú Ọlọ́run. A ó dé ibi orúkọ náà tó bá yá.

Òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì ló ń tà. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ìjọba Ghana lé lọ ní 1969. Ó ní òun á kọ́kọ́ wá ibi forí pamọ́ sí ní Ìlọrin, òun á wá ránṣẹ́ pe ìyàwó àtọmọ. Ìròyìn ikú rẹ̀ ló dé. Nígbà tó yá, tí nǹkan le, Sùlèímọ̀n ọmọ rẹ̀ àgbà lọ wáṣẹ́ ní Agége. Ọdún 1983 ni Nàìjíríà náà wá lé àwọn ará Ghana padà wálé. Odindi oṣù méjì ni ìyá yìí fi ń lọ sí ibùdókọ̀ lójoojúmọ́, tó ń wo ojú gbogbo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ó rí ẹni tó bá Sùlèímọ̀n wọ ọkọ̀. Kò rí ẹni tó bá a sọ̀.

Láti ìgbà náà ni oorun ti dágbére fún un. Bertha tó ń ta oògùn ní Fante New Town ló bá a wá hóró oògùn oorun, funfun, kékeré.

"Maame, ìlàjì ni kí o máa lò," Bertha kìlọ̀ fún un. "Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá mọ̀ ọ́n, tó wá lo odindi, bí ẹni fa ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ni yóò máa rìn."

Ó kó o sínú agolo mílíìkì kan, ó tì í sábẹ́ ibùsùn.

Ó wá ku Ṣẹ̀rífù.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ṣẹ̀rífù ní kóòṣì tó ń tiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tó ń fi ọ̀pá nàka sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ ò tíì mọ Ṣẹ̀rífù. Ẹ̀bá pápá yẹn kọ́ ni ibùjókòó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àárín gan-an ló wà. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn Aṣánté sọ ọ́ ní Ahoma, ìyẹn okùn, torí wọ́n ní ṣe ló so bọ́ọ̀lù mọ́ ẹsẹ̀. Á dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń ro nǹkan. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ náà á dúró. Kí onítọ̀hún tó mí, Ṣẹ̀rífù ti kọjá, eruku nìkan ló kù níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó fi gèlè bo ojú.

"Kí ni wọ́n ń lé ọmọ mi kiri bí olè sí?" ló bi obìnrin tó jókòó tì í.

Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí. "Ìyá Ṣẹ̀rífù, ṣí ojú. Òun ló ń lé wọn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní 1984, Ṣẹ̀rífù wọlé, ẹnu rẹ̀ kò pa dé. Ọmọ ogún ọdún ni.

"Ìyá, ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Abidjan ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ ńlá kan ló rán an. Bí eré mi bá wù ú, ó ń mú mi lọ nìyẹn."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan ná. Màá ránṣẹ́ pè yín."

"Ohun tí bàbá rẹ sọ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ ọn lọ́rùn. "Bọ́ọ̀lù ni mò ń lọ gbá. N ò lọ sógun."

"Ọ̀nà kì í béèrè ohun tí èèyàn ń lọ ṣe."

Ìyá gba ilé Alfa lọ, bóyá Alfa á bá òun dá a lẹ́kun. Ó ṣe tán, Sàwúdátù ọmọ Alfa ni Ṣẹ̀rífù ń fẹ́ sọ́nà, gbogbo Aboabo ló mọ̀. Bí Ṣẹ̀rífù bá lọ, ìgbéyàwó á sún síwájú. Alfa fetí sí i títí, ó wá pe orúkọ rẹ̀.

"Jẹ́ kó lọ," ó ní. "Ọmọ mi á dúró dè é. Ìwọ náà dúró dè é. Ohun tí Ọlọ́run fi sí ọmọ lẹ́sẹ̀, ilé kọ́ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí."

Bí Alfa ò ṣe bá a dá a lẹ́kun nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí eré ńlá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, Alfa á kọ ẹsẹ Kùránì sára wàláà onípákó pẹ̀lú tàdáà, yíǹkì dúdú. Á fi omi fọ ọ́, á da omi náà sínú akèrègbè kékeré, á fi oyin sí i. Hàntú nìyẹn. Ṣẹ̀rífù á mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà kó tó lọ sí pápá. Ìyá rẹ̀ ló máa ń lọ gbé e, òfin méjì ló sì rọ̀ mọ́ ọn: kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, omi náà kò sì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ títí ẹni tó ni ín yóò fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti ń gbé e, kò rú òfin kankan rí.

Ọ̀sán Sọ́ńdè yẹn pé. Alfa gbé akèrègbè lé e lọ́wọ́.

"Má gbé e kalẹ̀ o."

Ó mi orí, torí kò gbọ́dọ̀ fọhùn.

Nígbà tó délé, Ṣẹ̀rífù wà nílé ìwẹ̀, ó ń súfèé. Ìyá rẹ̀ wọ yàrá. Àpò kan wà lórí ibùsùn, ó kún, wọ́n ti fa ẹnu rẹ̀ dé. Ọkùnrin Abidjan kò tíì rí i, ọmọ ti di ẹrù. Apá ṣẹ́ẹ̀tì kan yọ lẹ́nu àpò, ó ní ìlà búlúù. Ó mọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Òun ló gán bọ́tìnì rẹ̀. Ti Sùlèímọ̀n ni.

Ó dúró pẹ̀lú akèrègbè lọ́wọ́. Ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń ta sílẹ̀ nílé ìwẹ̀.

Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Kó kàn má rí eré gbá lónìí. Òní nìkan. Ọkùnrin yẹn á padà síbi tó ti wá. Tó bá dọ̀la, oògùn á ti kúrò lára ọmọ mi, á wà nílé. Kí ló bàjẹ́ níbẹ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa agolo mílíìkì yọ lábẹ́ ibùsùn. Agolo ti dípẹtà, ọwọ́ kan kò lè ṣí i. Ó fi orúnkún dì í mú, kò ṣeé ṣe.

Ló bá gbé akèrègbè kalẹ̀.

Hóró méjì ló mú. Ó fi ìdí ife lọ̀ ọ́ di lẹ́bú, ó dà á sínú omi wàláà, ó fi oyin kún un, ó mì ín pọ̀. Ìgbà tí Ṣẹ̀rífù fi jáde nílé ìwẹ̀, akèrègbè ti wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, bí ìgbà tó ti ọ̀dọ̀ Alfa dé.

Ó mu ún tán, ó lá ètè. "Ìyá, oyin tòní mà pọ̀."

"Kó lè dùn lẹ́nu rẹ ni."

Lọ́jọ́ náà, kò lè jókòó sílé. Ó tẹ̀ lé wọn dé pápá. Fún ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, Ahoma ni Ahoma. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún un, kò gbà á. Ó dúró, ó gbọn orí, ó fi omi bọ́ ojú.

"Ahoma, okùn ti já o," ẹnì kan pariwo láàárín èrò, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ohun tó fẹ́ ló ń rí. Ní ìjókòó iwájú, ọkùnrin Abidjan ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan láti ẹgbẹ́ kejì sáré bọ̀ wá bá Ṣẹ̀rífù. Gbogbo èèyàn ló rí i pé ó ń bọ̀. Ṣẹ̀rífù pàápàá rí i. Lọ́jọ́ mìíràn, á ti fò ó kó tó dé rárá. Lọ́jọ́ yẹn, ó rí i, ẹsẹ̀ kò dá a lóhùn.

Ìró ẹsẹ̀ Ṣẹ̀rífù dà bí ìgbà tí pákó gbígbẹ dá sí méjì. Ó dé orí ìjókòó.

Ní ọsibítù, wọ́n fi ẹsẹ̀ náà kọ́, àwọn ará ẹgbẹ́ yí ibùsùn ká. Ohùn Ṣẹ̀rífù rẹlẹ̀.

"Àtìgbà tí mo ti mu omi yẹn ni ẹsẹ̀ mi ò ti jẹ́ tèmi mọ́."

"Omi wo?" Alfred ló béèrè, akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí ìyá. "Maame, ta ló fún un lómi?"

Ìyá mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ. Ó rí ojú ọmọ rẹ̀ tó ń wò ó bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

"Alfa ni," ó ní. "Láti ọ̀dọ̀ Alfa ni mo ti gbé e wá."

Kò pa irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ irú òótọ́ yẹn, òótọ́ tí wọ́n ti gé nídìí.

"Ó yé mi," Alfred sọ. "Bàbá ìyàwó kò fẹ́ kí àna òun lọ sí Abidjan. Ó dì í lẹ́sẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti yí Aboabo po. Alfa Jùnáídù wá sí ilé Ìyá Ṣẹ̀rífù, kò jókòó. Ó pe orúkọ rẹ̀.

"N kò wá bá ọ jà. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé o gbé e kalẹ̀?"

"Rárá, Alfa."

Ó wò ó pẹ́. "Ó dáa. Ohun tí mo kọ ni mo mọ̀. Ohun tó wọnú rẹ̀ lẹ́yìn mi, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n." Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Kò tún bi í mọ́ títí ó fi kú. Ó ti mọ̀ tàbí kò mọ̀, ìyẹn gan-an ló ń jẹ obìnrin náà lọ́kàn.

Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣe. Àwọn òbí kó ọmọ wọn kúrò nílé kéwú Alfa, ó ku ọmọ mẹ́fà. Ní mọ́sálásí, sàfù iwájú, ìyẹn ìlà àkọ́kọ́, ni àyè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kó ara rẹ̀ lọ sẹ́yìn, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń kó bàtà sí. Ṣẹ̀rífù ní òun ò fẹ́ ọmọ ẹni tó ṣẹ́ òun lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi Sàwúdátù fún ọkùnrin kan ní Tamale.

Ẹsẹ̀ Ṣẹ̀rífù jinná, ó wọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Anloga Junction. Ìyá rẹ̀ ò jẹ́ gba Anloga kọjá. Ibi tí wọ́n ti ń la pákó látàárọ̀ dalẹ́ ni, bí ọ̀kan bá sì dá pẹ́nrẹ́n, àtẹ òwú á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí rẹ̀. Kò fi ẹnu kan oyin mọ́. Akèrègbè yẹn wà lára ògiri, ó ń rọ̀ sórí ìṣó, kò lè sọ ọ́ nù, kò lè lò ó. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á máa gbá ògiri, kọ́, kọ́, kọ́. Bí ọ̀pá ọmọ rẹ̀ ṣe ń dún nìyẹn nígbà tó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Nígbà mìíràn, á dìde lọ ṣílẹ̀kùn, kò ní sí ẹnì kankan.

Oorun tó tìtorí rẹ̀ ra oògùn, kò rí i mọ́. Ó ti kó agolo náà dà sí ṣáláńgá.

Ṣẹ̀rífù kó àwọn ọ̀dọ́ alágbàṣe ibi pákó jọ, ó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù lórí ìyẹ̀fun pákó. Ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀, ẹnu nìkan ló kù tó lè fi ṣe é. "Má sáré. Dúró. Jẹ́ kó rò pé ó rẹ̀ ọ́. Ó yá, lọ." Báyìí ló ṣe di kóòṣì. Nígbà tó fi máa di 1995, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti na àwọn ẹgbẹ́ tó ní owó tó ní bọ́ọ̀sì.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Kóòṣì, wọ́n ní ẹ gbá bọ́ọ̀lù rí. Ta ló rí yín?"

"Ẹ bi ìyá mi léèrè. Ó ní wọ́n ń lé mi kiri bí olè."

Kwasi, oníròyìn eré ìdárayá kan, wá bi ìyá náà léèrè lóòótọ́. Ó jókòó lórí àpótí níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó ṣí ìwé.

"Maame, gbogbo èèyàn ló mọ kóòṣì. Mo fẹ́ kọ nípa Ahoma. Báwo ló ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù?"

Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé ó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó sọ nípa ẹsẹ̀ òsì. Ó sọ nípa bó ṣe máa ń dúró jẹ́ẹ́. Ó dìde, obìnrin arúgbó, ó fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ júwe rẹ̀ nínú erùpẹ̀, Kwasi rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Kwasi wá ní, "Àti ọjọ́ tó parí? Kóòṣì ní ẹnì kan ló fún òun lómi. Alfa kan. Ṣé òótọ́ ni? Tí kì í bá ṣe òótọ́, Maame, sọ ọ́ báyìí, n ò ní kọ ọ́."

Ẹ rí i bí Ọlọ́run ṣe ṣílẹ̀kùn fún un gbayawu? Gbólóhùn kan péré ni. Ó wo òwú tó wà lórí àtẹ, pupa, dúdú, funfun.

"Ohun tí ọmọ mi bá sọ, òun náà ni," ó ní.

Kwasi kọ ọ́. Ìwé ìròyìn jáde. Orúkọ Alfa Jùnáídù wà níbẹ̀ gbàgàdà, ẹni tí àwọn ọmọdé Aboabo ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n fi kàn án mọ́. Àìsàn ti dá Alfa gúnlẹ̀ lásìkò náà, Sàwúdátù sì ti ti Tamale wá tọ́jú rẹ̀. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ kà á sí òun létí. Sàwúdátù kà á dé ìparí.

Wọ́n ní ohun tí Alfa sọ kò ju, "Wọn ò tíì gbàgbé."

Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú.

Ìyá Ṣẹ̀rífù lọ sílé òkú. Ta ló máa ní kó má lọ? Àwọn obìnrin wà nínú yàrá lẹ́yìn kọ́tìnì, àwọn ọkùnrin wà ní àgbàlá pẹ̀lú òkú tí wọ́n ti fi aṣọ funfun wé. Sàwúdátù jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá, Ìyá," ó ní. "Ọ̀pọ̀ èèyàn kò wá." Ọwọ́ ọmọ náà gbóná. Kò lè gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ẹ mọ àṣà wa. Kí wọ́n tó gbé òkú jáde, wọ́n á béèrè ẹni tó ṣẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, kí onítọ̀hún foríjì í, kó má lọ pẹ̀lú ẹrù. Àbúrò Alfa, Sàláúdéènì, tó ti Ìlọrin dé láàárọ̀ ọjọ́ náà láti wá wo aláìsàn, ló dìde tó béèrè.

"Ẹ̀yin ará, ẹni tí arákùnrin mi bá ṣẹ̀, kó sọ̀rọ̀, kó sì yọ̀ǹda rẹ̀ nítorí Ọlọ́run."

Nígbà náà ni ọ̀pá dún. Kọ́, kọ́, kọ́.

"Èmi ni," ohùn Ṣẹ̀rífù sọ. "Gbogbo yín lẹ mọ ohun tó wà láàárín wa. Ẹsẹ̀ mi rèé. Mo ti bínú fún ọdún mọ́kànlá, ó ti rẹ̀ mí. Ohun tó ṣe sí mi, mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. Kí Ọlọ́run foríjì í."

"Àmín," gbogbo ilé dáhùn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ṣẹ̀rífù, Sàwúdátù tẹ orí ba. "Bàbá mi ò ṣe é," ó sọ ọ́ wúyẹ́, bí ẹni tó ti sọ ọ́ títí tí kò rí ẹni gbà á gbọ́. "Bàbá mi ò ṣe é."

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé òkú.

Ìyá Ṣẹ̀rífù fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó dìde, ó ká kọ́tìnì sókè, ó jáde sáàárín àwọn ọkùnrin.

"Ẹ gbé e kalẹ̀ ná," ó ní. "Ṣẹ̀rífù, gba ìforíjì rẹ padà. Òkú yìí kò jẹ ọ́ ní nǹkankan."

"Ìyá, kí lẹ̀ ń sọ?"

"Ó bi mí bóyá mo gbé omi náà kalẹ̀, mo ní rárá. Mo gbé e kalẹ̀. Oògùn oorun mi ni mo lọ̀ sí i, hóró méjì, kí o má baà lọ. Àpò rẹ ti wà lórí ibùsùn. Ohun tí Alfa kọ mọ́ tónítóní."

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Ṣẹ̀rífù. Kò sẹ́ni tó bá a mú un.

Sàláúdéènì ni àjèjì láàárín wọn. Ó wo obìnrin arúgbó tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo àwọn èèyàn tó yí i ká, kò rí ẹni tó máa sọ fún un.

"Ta nìwọ yìí?" ó béèrè. "Dá orúkọ rẹ, kí gbogbo ayé gbọ́."

Ó la ẹnu. Ìyá Ṣẹ̀rífù ló kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu, ó gbé e mì. Kò ní fi orúkọ ọmọ yẹn bo ara mọ́.

"Sàbírátù," ó ní. "Sàbírátù ọmọ Bákàrè."